Iṣẹ́ Ẹni Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Rìn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, kí ẹ tó máa wò mí bí akíkanjú obìnrin, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: ojo ni mí. Mo bẹ̀rù ejò, mo bẹ̀rù ààrá, mo bẹ̀rù àtigun àkàbà. Èyí tó wá burú jù ni pé iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélógójì ṣe, kò sí ọjọ́ kan tí kò bà mí lẹ́rù. Àwọn ẹlòmíràn máa ń ṣiṣẹ́ tán kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní tèmi, ẹ̀yìn ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà láti ọjọ́ kìíní.

Ijó tángò ni iṣẹ́ mi. Mo kọ́ ọ ní Arámọkọ, mo jó o dé Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n àti Adó, mo sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn títí di èṣí. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ijó àwọn ará Ajẹntínà ni. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan á dì mọ́ra, àyà sí àyà, wọ́n á sì máa rìn. Ẹni tó bá ní ìrìn lásán ni, kó dìde kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Kò sí ìlù nínú orin rẹ̀ tí yóò sọ fún ẹsẹ̀ pé àkókò ti tó. Kò sí ẹni tó mọ ìgbésẹ̀ tó kàn àfi ọkùnrin, òun náà kì í sì í fi ẹnu sọ ọ́. Àyà rẹ̀ ni yóò fi sọ fún àyà obìnrin, obìnrin sì gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ẹsẹ̀ tó gbéra. Ọkùnrin ń lọ síwájú, ó ń wo ọ̀nà. Obìnrin ń lọ sẹ́yìn, kò sì rí ju ọrùn ẹ̀wù ọkùnrin lọ.

Ibi ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní Ìlórò tí wọ́n bí mi sí, ọmọdé kì í fi ẹ̀yìn rìn. Bí a bá ń ṣeré tí ẹnì kan nínú wa kẹ́yìn sí ọ̀nà tó sì ń rìn bẹ́ẹ̀, àgbà tó bá rí i á ké mọ́ ọn. "Wúrà, ṣé o fẹ́ pa yèyé rẹ ni?" Wọ́n ní ọmọ tó bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Àwọn ọmọ mìíràn á gbọ́ ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbàgbé. Èmi kò gbàgbé. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, àwọn tí wọ́n bí ṣáájú mi kò sì dúró. Yèyé mi nìkan ni mo ní láyé, èmi nìkan ló sì ní. Tí mo bá ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn nídìí eré, màá sá dé oko lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí. Á ní kí ló dé, màá ní omi ni mo wá mu.

Ẹ má sì bá mi jà pé mò ń pe ìyá mi ní "ó". Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Ará Ọ̀yọ́ lè máa kan ojú, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni mo pe yèyé mi títí tó fi dàgbà dàgbà, kò sì sí ọjọ́ kan tó rò pé mo rí òun fín.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Mo parí ilé ìwé mọ́dà, yèyé mi fi mí sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Arámọkọ kí n kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ọkùnrin kan wá gba ṣòkòtò lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń tẹ máṣíìnì. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí mọ ìgbà." Òun àti àǹtí mi jọ sọ̀rọ̀, ó sì di pé kí n máa lọ kọ́ ijó lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án tí a bá ti ṣíwọ́. Ohun tó ń san kò tó nǹkan, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ọ̀gá Dúró là ń pè é. Dúró kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù ni. Ọmọ Arámọkọ ni, ó ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun fún ọdún púpọ̀, èbúté Ajẹntínà ló sì ti kó àrùn tángò. Nígbà tó padà wálé, àwọn ẹbí rẹ̀ ń retí ẹrù. Ẹ̀rọ giramafóònù alọ́wọ́ kan tí à ń fi ọwọ́ yí kó tó kọrin, àwo orin bíi ogún, àti bàtà dúdú kan tó ń dán ló gbé wá. Sítọ̀ kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sọ di ilé ìkọ́jó, nítorí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀ jọ̀lọ̀. A máa ń ha àbẹ́là sí i kí ẹsẹ̀ lè yọ̀ dáadáa. Òórùn kòkó kò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láéláé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti kan ìjàngbọ̀n. Ó na apá sí mi, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó ní kí n gbé ọwọ́ òsì lé òun léjìká. Mo kúnlẹ̀.

"Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ọ̀tún ni màá gbé lé e."

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ wà lọ́wọ́ mi. Mélòó lo ní?"

"Ọwọ́ òsì kò ṣeé gbé lé àgbà, sà. Ẹ jù mí lọ púpọ̀."

"Nínú sítọ̀ yìí, èmi kì í ṣe àgbà. Ògiri ni mí. Ṣé o máa ń kúnlẹ̀ fún ògiri nílé yín?"

Mo dìde, mo gbé ọwọ́ òsì lé e. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń tọrọ àforíjì lábẹ́lẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ yẹn sókè.

Ṣùgbọ́n eré ni ti ọwọ́. Nígbà tó kan ẹsẹ̀, ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ó fi àyà tì mí díẹ̀, mo yí gbogbo ara padà, mo wá ń rìn lọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ jáde. "Dúró!" A tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún yí padà. "Dúró!" Kì í na ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn. Bí o bá ṣe àṣìṣe, á ní kí o dúró sójú kan lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo títí orin á fi tán, lẹ́yìn náà á tún yí ọwọ́ giramafóònù. Mo ti dúró lórí ẹsẹ̀ kan láàárín àwọn àpò kòkó títí tí mo fi ń sunkún láìgbọ́dọ̀ nu imú. Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi kò tíì mọ̀ pé oyin wà níbẹ̀, ẹnu àáké nìkan ni mo ń rí.

Mi ò lè sọ fún un pé ìyá mi ni mò ń bẹ̀rù kí n má pa. Ẹni tó ti re òkun débi tí ilẹ̀ ti tán, á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí n sì padà sídìí máṣíìnì náà, kò wù mí mọ́, nítorí orin yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo wá wá oògùn sí i fúnra mi. Ọ̀gá máa ń ka ìgbésẹ̀ fún wa báyìí: gùn, gùn, kúrú, kúrú, gùn. Márùn-ún. Lọ́jọ́ kan, bí ẹsẹ̀ mi ṣe fẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹnu mi ṣí, mo sì gbọ́ tí mo ń sọ pé: Yè, yé, mi, á, pẹ́. Ó bọ́ sórí orin náà géérégé. Ìgbésẹ̀ tó lè pa yèyé mi, mo ti fi àdúrà dí i. Mo lọ sẹ́yìn lọ́jọ́ náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọ̀gá Dúró kò ní kí n dúró.

Ó rí ètè mi tó ń mì. Ó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù pé, "Ẹ wo Wúrà, bí wọ́n ṣe ń ka ìgbésẹ̀ nìyẹn." Wọ́n bi mí ohun tí mò ń kà, mi ò rí irọ́ tó dára pa kíákíá, mo bá kà á fún wọn. Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ọkùnrin, obìnrin, tíṣà, awakọ̀, káfíńtà, tí wọ́n ń rìn káàkiri sítọ̀, tí wọ́n ń sọ pé yèyé mi á pẹ́. Wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ìyá mi ni gbogbo wọn ń gbàdúrà fún, inú mi sì ń dùn nínú ẹ̀rù tí mo wà.

Yèyé mi kò mọ nǹkan kan. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ sí Ìlórò, á ní, "Uṣẹ́ ránṣọ ń kọ́?" Màá ní ó ń lọ dáadáa. Á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní, "Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. O kò ní padà sẹ́yìn." Màá ṣe àmín. Mo máa ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á. Bí ó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pa á nìyẹn. Bí ó bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, mo mọ ọjọ́ tí mo gbé ìgbésẹ̀ tó fà á. Lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e, Ọ̀gá á sọ pé ara mi le bí igi.

Ọkùnrin tí a fi tì mí láti máa jó níta ni Àjàyí, káfíńtà láti Àrà. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu o: ó ní ìyàwó tirẹ̀, ìyàwó náà ló sì máa ń bá wa ha àbẹ́là. Àjàyí kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kì í purọ́. Bí ó bá fẹ́ yà sí òsì, mo ti mọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Òun ló jẹ́ kí n lóye ohun tó ṣòro jù nínú ijó yìí. Kì í ṣe ẹsẹ̀. Kí o fi ẹ̀yìn rẹ fún ibi tí o kò rí, kí o má sì wo ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló wà. Àwọn ọmọ tó já fáfá jù lọ nínú sítọ̀ wa ni kò lè ṣe é, nítorí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ní ọdún kẹta ni ọjọ́ burúkú dé. Ilé ìwé kan ní agbègbè Ìjerò ń ṣe àjọyọ̀ ìparí ọdún, wọ́n ní kí a wá jó lọ́sàn-án. Wọ́n kan pèpéle sí iwájú gbọ̀ngàn, gíga rẹ̀ tó àyà ènìyàn. Àwa méjèèjì ti wọn pèpéle náà ní òwúrọ̀. Àjàyí mọ etí rẹ̀, ìgbésẹ̀ méjì sí etí ni yóò yí mi padà. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé obìnrin ará Ìlórò kan ti sọ fún yèyé mi pé, "Wọ́n ní Wúrà rẹ máa jó ní Ìjerò." Yèyé mi wọ ọkọ̀ akẹ́rù wá pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, mi ò sì rí i, nítorí ẹni tó ń jó tángò kì í wo èrò.

Orin bẹ̀rẹ̀. A jó ìdajì rẹ̀ láìsí àléébù. Àjàyí wá ń gbé mi lọ sí etí, mò ń lọ sẹ́yìn, mò ń ka ìgbésẹ̀ mi. Yèyé, bí mo ṣe gbọ́ lẹ́yìn náà, rí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tí ilẹ̀ ti tán. Kò kígbe. Ó gun àtẹ̀gùn pèpéle, ó sáré wá dúró sẹ́yìn mi, ó na ọwọ́ méjèèjì kí ó lè gbá mi mú. Mo gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn mi kan nǹkan tó rọ̀. Mo gbọ́ "Háà" kékeré kan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ dídá egungun lórí sìmẹ́ńtì, ó dún bí igi gbígbẹ. Mo yíjú padà, ó wà nílẹ̀ ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ ń wò mí. Giramafóònù ṣì ń kọrin. Ọ̀gá tó ti ń sọ fún wa pé "Dúró" lójoojúmọ́, kò ráyè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi ni yèyé mi wò. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní ìtòsí Ẹ̀fọ̀n, eegun itan ló kán. Oṣù márùn-ún ló fi wà lórí ẹní, ibà sì gbé e dálẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ débi pé àwọn ẹbí ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mi ò sùn, mi ò jẹun. Ẹ̀rù tó ti ń bà mí láti kékeré ti wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ló gbé e wá. Ní ọjọ́ tí ibà náà lọ sílẹ̀ díẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: sítọ̀, tángò, àdúrà orí ìgbésẹ̀.

"Yèyé, èmi ni mo pa ọ́."

"Ṣé òkú ló ń dá ọ lóhùn?" Ó gba omi mu. "Mo ti mọ̀ pé uṣẹ́ ránṣọ kọ́ ni. Ọdún kẹta rè é, o kò rán búbá kan wá sí ulé."

"Kí ló gbé ọ gun orí pèpéle?"

"Mo rí i pé o ti sún mọ́ etí. Ọkùnrin yẹn ń wo ibi tiẹ̀. Ta ló ń bá ọ wo ẹ̀yìn?"

Mo bi í ní ohun tí mo ti fẹ́ bi í láti ìgbà ọmọdé: "Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ? Pé tí ọmọ bá ń fi ẹ̀yìn rìn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹnu yèyé tèmi ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi náà, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Àmọ́ mi ò tíì kú."

Mo ní mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó bínú. "Tí o bá fi í sílẹ̀ báyìí, gbogbo Ìlórò á ní ẹsẹ̀ rẹ ló pa mí, ìṣojú mi báyìí ni wọ́n á sì ti máa sọ ọ́. Padà sẹ́nu uṣẹ́ rẹ. Àdúrà tó o ní o ń gbà yẹn, má dákẹ́ rẹ̀."

Mo padà. Ẹ má rò pé àyà mi ti le. Inú ìtàn ni ẹ ti máa ń gbọ́ pé ẹ̀rù á tán lẹ́yìn tí ìyá bá sọ ọ̀rọ̀ rere. Tèmi kò tán, ó kàn wá ní ojú tí mo mọ̀ ni. Yèyé mi dìde lórí ẹní, ó ń tiro, ó sì ń bá iṣẹ́ oko lọ. Èmi náà ń rìn sẹ́yìn, mò ń tiro nínú ọkàn. Ọ̀gá Dúró ṣòfin pé ẹnì kankan nínú wa kò gbọ́dọ̀ jó lórí pèpéle mọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kódà bó jẹ́ gómìnà ló pè wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá dúró sẹ́yìn mi ní gbogbo òde tí a bá lọ, tí ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo giramafóònù. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí.

Nígbà tí Ọ̀gá kú, èmi ló fi sítọ̀ lé lọ́wọ́. Mo ti fẹ́ ọkọ nígbà náà, mo ti bímọ, Àjàyí sì ti kó lọ sí Adó. Mo wá di ẹni tí ń pe "Dúró".

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló yí padà. Giramafóònù alọ́wọ́ ní ìwà kan: bí agbára rẹ̀ bá ń tán, orin á máa falẹ̀, ohùn akọrin á máa jinlẹ̀ bí ẹni tó ń wọ inú kànga, ijó náà á sì falẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn, ó máa ń fún mi láàyè láti pe yèyé mi dáadáa. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, bírò la fi ń yí i padà tí ó bá ti ká. Síídì wọlé, ìlà híha kékeré kan lára rẹ̀ á mú kí orin fò, tọkọtaya á sì tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ní báyìí orin wà nínú fóònù, ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ, kì í rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó ń yí i. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ń wá láti Adó àti Àkúrẹ́, wọ́n ti rí tángò lórí fóònù, wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí a jó níwájú èrò. Mo máa ń sọ fún wọn pé fóònù á fi ẹsẹ̀ hàn yín, kò ní fi àyà hàn yín. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ọkọ ìyàwó kan ní kí n jẹ́ kí ìyàwó òun máa wo ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ kó má baà ṣubú. Mo ní kí òun fúnra rẹ̀ máa ṣọ́ ẹ̀yìn náà fún un, iṣẹ́ tirẹ̀ ni.

Ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi tú ká, mo sì mú yèyé mi wá sí Arámọkọ. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Itan tó kán láyé àtijọ́ wá padà wá gba ohun tirẹ̀. Ọ̀pá kò ràn án mọ́, àga onírin tí wọ́n ní kó máa tì síwájú ń bà á lẹ́rù, ó ní ó fẹ́ sá mọ́ òun lọ́wọ́. Dókítà ní bí kò bá rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò parí sí. Ní òwúrọ̀ kan mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo gbé e dìde, mo dojú kọ ọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹsẹ̀ mi ti lọ sẹ́yìn. Mo dúró gbagidi.

"Kí lo dúró fún? Ṣé kí n ṣubú ni?"

"Yèyé, ẹ̀yìn ni mo fi ń rìn."

"Èmi ń rìn síwájú. Máa lọ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́, láti etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dé fàráńdà, ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá. Mo ti jó pẹ̀lú Ọ̀gá, mo ti jó pẹ̀lú Àjàyí, mo ti jó pẹ̀lú àwọn tó ti kọ́ ọ ní òkè òkun, mi ò rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ ibi tó ń lọ yékéyéké bí ti yèyé mi. Bí ó bá fẹ́ sinmi, àtàǹpàkò rẹ̀ á kọ́kọ́ le. Bí ó bá fẹ́ yà wo ojú fèrèsé, èjìká rẹ̀ á ti sọ fún mi. Mo dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní sítọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lọ́wọ́, nítorí ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn ti tó mi. Ẹ̀rù ń bà mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan tí a fi ń ṣe é.

Ní èṣí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, a dé ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, ó dúró. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀. Obìnrin tó mọ tángò kì í gbéra kí ẹni tó ń darí rẹ̀ tó gbéra, mo sì ń retí ọwọ́ rẹ̀ kó sọ fún mi. Kò sọ nǹkan kan. Orí rẹ̀ wá sórí àyà mi, gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá lọ síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni n ó tẹ̀. Bí mo bá lọ sẹ́yìn, ilẹ̀ ni yóò bá. Mo gbá a mú, mo dúró síbẹ̀, mi ò mọ iye ìgbà, títí tí ìyá ilé kejì tó wá bu omi fi gbọ́ ẹkún mi tó sì wọlé wá gbé e lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo sá fún láti Ìlórò ló ṣẹlẹ̀: yèyé mi kú níbi tí mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ yàn, bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ mi ló pa á, tàbí iṣẹ́ mi ló gbé e ró dé ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Kò ṣubú.